Gbèsè tí Aṣáájú Jẹ Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ìlú Rẹ̀

ÌWÀÁSÙ KÌÍNÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn, tó pín arísìkí fún un, tó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí arísìkí ń gbà wọlé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tó da ẹran, tó ṣòwò, tí àwọn ará Mẹ́kà sì ń pè ní Olóòótọ́ kí iṣẹ́ Ànábì tó dé bá a. Kí ó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Ìdájọ́.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba, nínú mọ́sálásí àti ní ìsọ̀ ọjà. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tó bá parí sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí kò tíì pé.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí ni èyí: kí ni aṣáájú jẹ oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò tó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀? Ṣé àánú ni ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe fún un, tàbí gbèsè ni? Bí ó bá jẹ́ àánú ni, ẹni tó wù ú ló lè ṣe é fún, ní ọjọ́ tó wù ú, ẹni tó rí i gbà yóò sì máa kọrin ìyìn rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gbèsè ni, à ń fa ẹ̀tọ́ olówó ni bí a bá fi falẹ̀, àbòsí ni bí a bá dù ú, Ọlọ́hun yóò sì bi aṣáájú léèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó àti ọmọ kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe máa ń ran oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa. Wọn a ta àtíbàbà, wọn a lu ìlù, wọn a to ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ amúnáwá jọ, àwòrán aṣáájú a sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ a jáde, a kúnlẹ̀, wọn a sì ya fọ́tò rẹ̀. Ìrónilágbára ni a ń pè é. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀bùn. Èrò ọkàn ni Ọlọ́hun yóò fi san olúkúlùkù lẹ́san. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé àwọn ẹ̀rọ náà dé ilé. Obìnrin tó gba ẹ̀rọ ìlọta gbé e lọ sí ẹnu ọjà, àwọn agbowó mẹ́ta mẹ́rin sì dé bá a kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tíkẹ́ẹ̀tì olúkúlùkù wọn lọ́tọ̀. Télọ̀ tó gba ẹ̀rọ ìránṣọ ń wòran nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ àdúgbò náà rí. Wẹ́dà tó ṣe ìlẹ̀kùn fún ilé iṣẹ́ kan ń pààrà ọ́fíìsì wọn nítorí owó rẹ̀, títí ó fi ta ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n fún un. Ohun tí ọwọ́ kan fún wọn, ọwọ́ kejì ti gbà á padà.

Ẹ wá wo bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe ṣe tirẹ̀. Anas ọmọ Malik ló gba ìtàn náà wá, ó sì wà nínú àkójọ hádíìsì Abu Dawud. Ọkùnrin kan nínú àwọn Ansar, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Mẹ̀dínà, wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Òjíṣẹ́ bi í bóyá kò ní ohunkóhun nílé. Ó ní òun ní aṣọ líle kan tí àwọn ń fi apá kan rẹ̀ bora, tí àwọn sì ń tẹ́ apá kejì, àti ife igi kan tí àwọn fi ń mu omi. Òjíṣẹ́ ní kí ó kó wọn wá. Ó gbé wọn sókè láàárín àwọn ènìyàn, ó bèèrè ẹni tí yóò rà wọ́n. Ẹnìkan dá dírháàmù kan. Ó tún bèèrè, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni tí yóò fi kún un, títí ẹlòmíràn fi dá dírháàmù méjì. Ó kó owó náà lé olówó lọ́wọ́, ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó sì fi èkejì ra irin àáké. Nígbà tí ọkùnrin náà mú irin náà dé, Òjíṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi èèkù sí i, ó ní kí ó lọ máa gé igi tà, kí òun má sì rí i fún ọjọ́ 15. Ọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú dírháàmù 10.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tó bá ń ronú. Àkọ́kọ́, láti ara ohun tí ọkùnrin náà ní ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òjíṣẹ́ kò sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa dúró de àpò ìlú. Ipò rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn ló lò kí ọjà ọkùnrin náà lè pa owó tó tọ́ sí i, ní gbangba, níṣojú gbogbo ènìyàn. Èkejì, ó mọ ohun tó kù fún un gan-an. Ẹni tó ní agbára tí kò ní àáké, àáké ni ó nílò, aṣáájú kò sì ka fífi èèkù sí àáké sí iṣẹ́ tó rẹlẹ̀ jù fún ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ 15 yẹn. Aṣáájú wo lónìí ló ń ran ènìyàn lọ́wọ́, tó sì ń sọ fún un pé kí ó má yọjú sí òun? Àwọn aṣáájú wa a máa fẹ́ kí ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fẹ́ kí ọkùnrin náà lọ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láti ibí yìí ni a ti rí òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn gbogbo ìrànlọ́wọ́: ṣé ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lè dúró níwájú wa lọ́la, kí ó wí fún wa pé rárá, láìbẹ̀rù pé oúnjẹ òun yóò bọ́? Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdè ni a fi dè é.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé lẹ́yìn tí Òjíṣẹ́ fún ọkùnrin yìí ní àáké tán, ọjà ni ó lọ. Bí ọjà Mẹ̀dínà bá jẹ́ ọjà ìrẹ́jẹ ni, kí ni àáké náà ì bá ṣe fún un? Òjíṣẹ́ fúnra rẹ̀ a máa rìn wọ inú ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan rí, ó bá omi lábẹ́ rẹ̀, ó sì bá ẹni tó ni ín wí pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí èyí tó tutù wà lókè kí àwọn ènìyàn rí i. Nígbà tí nǹkan wọ́n, tí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wọn dá iye lé ọjà, kò gbà. Ó ní òun fẹ́ pàdé Ọlọ́hun láìsí ẹni tí yóò máa bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ẹ wo bí ó ṣe le tó: olórí ìlú kan ń bẹ̀rù kí oníṣòwò kan má bàa pe òun lẹ́jọ́ lọ́run.

Àwọn sàábé rẹ̀ lóye èyí. Nígbà tí Abu Bakr di kálífà, ó gbé aṣọ tó fẹ́ tà lé èjìká ní òwúrọ̀, ó kọrí sí ọjà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Umar àti Abu Ubayda pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì dá oúnjẹ fún un láti inú àpò àwọn Mùsùlùmí kí ó lè gbájú mọ́ iṣẹ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Ibn Khaldun, ọ̀mọ̀wé ọmọ Tunis tó kú lọ́dún 1406, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ Muqaddimah. Ó ní bí olórí bá di oníṣòwò, kò sí ará ìlú tí owó rẹ̀ lè bá tirẹ̀ dọ́gba; yóò fi agbára rà lówó pọ́ọ́kú, yóò tà bí ó ṣe wù ú, àwọn yòókù yóò sì káwọ́ kúrò nínú òwò títí owó orí tí ìlú ń rí yóò fi dínkù. Ẹ̀yin ará, ẹni tó ń ṣe adájọ́ ìjàkadì kì í tún bọ́ ẹ̀wù kí ó bá wọn jà á. Aṣáájú tó gbé iṣẹ́ ọ̀nà tàbí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ àbúrò rẹ̀, kò sí iye ẹ̀rọ ìránṣọ tó lè pín tí yóò fi pa ẹ̀ṣẹ̀ náà rẹ́.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: ṣé kíkọ́kọ́ ro ti ọmọ ìlú kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, nígbà tí Ìsìláàmù ti kọ́ wa pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun nìkan ni a fi ń lọ́lá ju ara ẹni lọ? Ìbéèrè tó dára ni. Nígbà tí Abdurrahman ọmọ Awf dé Mẹ̀dínà láti Mẹ́kà, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Sa'd ọmọ Rabi', ọlọ́rọ̀ ọmọ Mẹ̀dínà, fẹ́ pín ọrọ̀ rẹ̀ sí méjì fún un. Abdurrahman súre fún un, ó ní kí wọ́n ṣáà fi ọ̀nà ọjà han òun. Kò pẹ́ tó fi rí jẹ, nítorí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ àlejò. Ní Ìwó tiwa náà, ta ni kò mọ̀ pé àwọn tó ń kó ẹran wá láti òkè ọya wà lára ohun tó mú ọjà màlúù wa lókìkí? Nítorí náà, ríran ọmọ ìlú lọ́wọ́ kì í ṣe lílé àlejò. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni. Bí sàráà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìbátan, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí owó tí ìlú ń ná kọ́kọ́ wo ẹni tó sún mọ́ ọn, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára tó ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí búrẹ́dì ọmọ ìlú kò bá pé ìwọ̀n, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò fúyẹ́ ju ti àjèjì lọ. Ọmọ onílẹ̀ kò ní àṣẹ láti fi ilẹ̀ rẹ̀ rẹ́ wa jẹ.

Ìlú wa, Ìwó Olódídẹrẹ́, ní ogún nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́mọ́dù Lámuyè, Olúwòó àkọ́kọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó wàjà lọ́dún 1906, mú kí wọ́n máa fi òfin Ṣàríà dá ẹjọ́ ní ààfin rẹ̀. Ìwó, Ẹdẹ àti Ìkìrun ni ìtàn máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ nípa irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ayé ọjọ́un. Kí ni oníṣòwò ń fẹ́ lọ́wọ́ ọba ju ibi tí yóò ti gba ìdájọ́ òdodo lọ, níbi tí ẹni tó jẹ gbèsè yóò ti san án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọlọ́lá? Ìdájọ́ òdodo ni èèkù tí ọba ń fi sí àáké gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Orílẹ̀-èdè wa ti gbìyànjú láti fi òfin ran ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dún 1972, ìjọba Ọ̀gágun Gowon gbé òfin jáde pé àwọn òwò kan, bíi búrẹ́dì ṣíṣe, ìrẹsì lílọ̀, aṣọ fífọ̀ àti fífi ọkọ̀ kó ẹrù, ọmọ Nàìjíríà nìkan ni kí ó máa ṣe wọ́n. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1977. Èrò rẹ̀ dára, ó sì ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa fi orúkọ wọn yá àjèjì: orúkọ ọmọ Nàìjíríà ló wà lára ìwé, àjèjì ló ni owó, òun ló ni àṣẹ, ẹni tó yá a lórúkọ sì ń gba díẹ̀ lóṣooṣù láìṣe nǹkan kan. Lójú Ṣàríà, ẹ̀rí èké ni èyí. Lọ́dún 1995 ni wọ́n fagi lé òfin náà. Ohun tó kọ́ wa ni pé òfin lè ti àjèjì jáde kúrò nínú ìsọ̀, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè fi olóòótọ́ jókòó síbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tó dára ju kí á máa ti ilẹ̀kùn: kí ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ́ oníbàárà ọmọ ìlú. Lọ́dún 2012, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe, tí wọ́n pè é ní O'Meals, àwọn obìnrin àdúgbò tó lé ní 3,000 ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ láti máa dáná fún ọmọ tó lé ní 250,000. Ọmọ jẹun, ìyá tó dáná rí owó, àgbẹ̀ àti olówò ẹyin sì rí ẹni rà á. Irú ìrànlọ́wọ́ yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ ya fọ́tò, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, owó iṣẹ́ ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo irú ètò bẹ́ẹ̀, orí ohun kan ni ó dúró lé: kí owó dé lọ́jọ́ rẹ̀. Ẹni tó ra ìrẹsì láwìn, tí ìjọba wá jẹ ẹ́ lówó fún oṣù mẹ́ta, òun gan-an ló ń yá ìjọba lówó, láti inú àpò tálákà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní àbòsí ni kí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ máa fi gbèsè falẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí á san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Dájúdájú, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú jùlọ.

ÌWÀÁSÙ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo, a ti sọ gbèsè tí aṣáájú jẹ. Ẹ jẹ́ kí á wo gbèsè tí ọlọ́rọ̀ àti ará ìlú jẹ ara wọn. Ní Ìbàdàn, tí ìlú tiwa náà wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ nígbà náà, ọkùnrin Mùsùlùmí kan wà tó ń jẹ́ Sàlámì Agbájé. Ó ṣòwò títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tó ga jùlọ nílùú náà, ó sì di olóyè ńlá. Lọ́dún 1949, àwọn olóyè àti ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde sí i pé kí wọ́n yọ ọ́ lóyè, kí ó má bàa di Olúbàdàn. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀, pé ọrọ̀ rẹ̀ kò ṣe ìlú láǹfààní. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Butcher, ìròyìn rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1951. Ọdún 1951 yẹn kan náà ni wọ́n ya àwọn ìlú Ọ̀ṣun, tí Ìwó wà lára wọn, kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Agbájé kú lọ́dún 1953 láì jẹ Olúbàdàn.

A kò jókòó láti dá ẹjọ́ ẹni tó ti lọ bá Ọlọ́hun rẹ̀. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ fà yọ: èló ni ọlọ́rọ̀ gbọ́dọ̀ fún ìlú kí ẹnu ìlú tó lè pa mọ́ lára rẹ̀? Níbi tí kò bá ti sí òṣùwọ̀n, ìlara ni yóò di òṣùwọ̀n, kò sì sí iye tí ìlara gbà tí í tó. Nítorí náà ni Ọlọ́hun fi wọn sàká fún wa, ìdá kan nínú ogójì owó tó pé ìwọ̀n, tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni. Ọlọ́rọ̀ tó bá kọ̀ láti yọ ọ́, ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ló ń jẹ. Ẹni tó bá yọ ọ́, tó sì sanwó òṣìṣẹ́ rẹ̀, a kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọrọ̀ rẹ̀ di ẹ̀sùn. Bí ìlú bá ń fìyà jẹ ẹni tó là, àwọn ọmọ tó ní làákàyè yóò lọ là síbòmíràn, wọn kò sì ní padà.

Ẹ má sì rò pé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì nìkan ni mo ń bá wí. Olùṣọ́ ni gbogbo wa, a ó sì bi wá léèrè ohun tí a ń ṣọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ tó dá ọmọ iṣẹ́ dúró lẹ́yìn tó ti kọ́ṣẹ́ tán, tó ń fi owó ìgbòmìnira dí i lọ́nà, aṣáájú tó ń du ènìyàn ní àáké ni. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ju agbára rẹ̀ lọ, agbowó ẹnubodè ni wọ́n. Yunifásítì wà nílùú wa, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó kan àga yín àti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìgbéyàwó àti wòlíímọ̀, bí ẹ bá ránṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò, ẹ san owó rẹ̀ kí ẹ tó wọ aṣọ náà lọ síbi ayẹyẹ. Ẹ̀yin télọ̀ náà, ẹ pé àdéhùn. Ẹni tó gba owó tán tí kò fi aṣọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dá, òun ló ń lé oníbàárà lọ sí ìlú mìíràn. Àwa tí a wà nídìí mọ́sálásí pẹ̀lú, bí a bá gba sàká, kí á wá ẹni tí agbára wà lápá rẹ̀ tí kò ní àáké, kí á ra àáké fún un, kí á má sì pe orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ jẹ nínú rẹ̀, àwọn àgbàlagbà nìkan ni yóò kù tí yóò máa kírun nínú mọ́sálásí rẹ̀.

Ìwọ Ọlọ́hun, fi arísìkí hàláálì rọ̀ wá lọ́rùn, kí o sì yọ ọwọ́ wa kúrò nínú hàráámù. Ìwọ Ọlọ́hun, fún àwọn aṣáájú wa ní ọkàn tó ń bẹ̀rù ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, kí o sì gbà wá lọ́wọ́ aṣáájú tó ń bá ará ìlú du ọjà. Ìwọ Ọlọ́hun, bùkún fún ọjà Odò-Orí àti gbogbo ọjà Ìwó, fi òtítọ́ sí ẹnu àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà. Kó àwọn ọmọ wa tó wà ní ìdálẹ̀ bọ̀ wálé pẹ̀lú ayọ̀ àti iṣẹ́ lọ́wọ́. Forí jin àwọn òbí wa tó ti kọjá lọ. Fún wa ní dáadáa láyé, fún wa ní dáadáa lọ́run, kí o sì ṣọ́ wa kúrò nínú ìyà iná. Àmín.

Ẹ dìde, kí á kírun.